Ta ló ni ẹ̀dọ̀ inú ọbẹ̀, baálé ilé àbí ọmọ?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iléṣà ni mò ń gbé. Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Mo gbé e lọ síbi ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí n máa fún un ní ẹ̀dọ̀. Mo ra ẹ̀dọ̀ délé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹran láti kékeré, olè ni yóò dà. Ọkọ mi ní òun ló ni ẹ̀dọ̀ àti ìwe, pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ṣe jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ tí mò ń tìtorí wọn jà ní ó ń rùn, wọ́n tu ú dànù. Báwo lẹ ṣe ń sè é tí gbogbo ilé fi ń jẹ ẹ́?

* * *

Ìyá ọmọ, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ n mú ti ìyá ọkọ yín kúrò nílẹ̀ ná, òun ló rọrùn jù. Ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, ẹran ló ń wù ú jẹ tí wọn kò fún un. Èyí tí wọ́n bu tirẹ̀ sínú àwo, kí ló tún ń yọ́ ṣí ìdérí sí? Mi ò bú àwọn àgbà o. Nígbà tí ẹran ṣọ̀wọ́n, ojúkòkòrò ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Àmọ́ ẹ rán Màmá létí pé agbègbè wa yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọdé ti kan gbogbo ayé. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí ní Iléṣà, ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì ń fa ìlà sí yẹn, iṣẹ́ tó ṣe láàárín wa níbí ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri. Ẹ fọwọ́ rọra sọ ọ́ fún Màmá ṣá o. Ìyá ọkọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀tá.

Ti ọkọ yín ló le. Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jà: ọmọ tí ń dàgbà ló ni ẹ̀dọ̀ inú ìkòkò. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Àwọn baálé ilé kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń fà á, ibà wà níbẹ̀, aràn inú wà níbẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó fi gbogbo ìrètí lé ẹ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn sí láàbù kí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ìpéǹpéjú tí nọ́ọ̀sì ṣí wò kò tó.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé kí la ń pariwo ẹ̀dọ̀ sí, orísirísi lòun ń rà fáwọn ọmọ òun, ṣàkì, àbọ̀dí, pọ̀nmọ́, fùkù, "inú ẹran náà ṣáà ni gbogbo rẹ̀."

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí owó ọ̀pọ̀ ìyá ń wọlẹ̀ sí nìyẹn. Ara màlúù kan náà ni wọ́n ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Tí a bá wọn 100 gíráàmù ṣàkì tó ti jinná, èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò pé 1 mílígíráàmù nínú rẹ̀. Ẹran lásán ní bíi 2.5. Kíndìnrín màlúù súnmọ́ 6, ọkàn lé díẹ̀ ní 6, ẹ̀dọ̀ màlúù tó 6.5. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ wá fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó lé ní 11. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò bíi 7 lójúmọ́. Ẹ ṣírò ìwọ̀n ṣàkì tí ọmọ máa jẹ kó tó pé 7, ẹ ó rí i pé ikùn rẹ̀ kò lè gbà á.

Mi ò ní ká má jẹ ṣàkì. Iyán àti ẹ̀gúsí tí kò ní ṣàkì nínú, ta ló pè é wá? Àbọ̀dí náà dùn nínú ọbẹ̀ ata. Pọ̀nmọ́ ní adùn tirẹ̀ lẹ́nu. Ẹ kàn má kà wọ́n mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀. Ní ti fùkù, èmi kì í rà á fọ́mọdé, torí ibẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ti kọ́kọ́ máa ń hàn, èmi kò sì sí lọ́dọ̀ wòlé-wòlé nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

* * *

Ó yá, sísè. Ẹ ní ó ń rùn, àwọn ọmọ ń tu ú. Nínú àwo mẹ́wàá ẹ̀dọ̀ tí ọmọ kọ̀, mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé wọ́n ti bọ̀ ọ́ kú kí wọ́n tó dín in. Wọ́n á da ẹ̀dọ̀ sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ṣàkì, wọ́n á gbé e kaná títí ṣàkì á fi rọ̀, ẹ̀dọ̀ á wá le bí ìsàlẹ̀ bàtà, á máa fọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé. Ẹ̀dọ̀ kò fẹ́ iná pípẹ́. Òun ló yẹ kó wọ ọbẹ̀ kẹ́yìn.

Bí mo ṣe ń ṣe é: ẹ̀dọ̀ màlúù ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bò ó. Ẹ fi èékánná gbé e létí, ẹ fà á, á ṣí kúrò wẹ́rẹ́. Awọ yẹn ló ń sún kì tí ẹ̀dọ̀ fi ń ká kò nínú epo. Ẹ gé àwọn iṣan funfun inú rẹ̀ kúrò, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju ìka kékeré lọ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ fi ń rẹ́ àlùbọ́sà, lẹ́yìn náà ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ gba omi ara rẹ̀. Ẹ má fo gbígba omi yẹn o, ẹ̀dọ̀ tútù tó bá bọ́ sínú epo, ṣe ló máa ń hó, kò ní dín.

Epo díẹ̀, iná tó le. Ẹ tò ó sínú páànù kó má gun ara wọn. Ẹ máa rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lókè rẹ̀ wínníwínní. Ìgbà yẹn lẹ máa yí i padà. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú kejì, ẹ gé èyí tó nípọn jù láàárín. Bí omi tó jáde bá ṣì pupa, ẹ dá a padà síná, torí ti ọmọdé gbọ́dọ̀ jinná dénú. Bí inú rẹ̀ bá ti yí àwọ̀ padà tí kò sì gbẹ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tí ẹ ti dín lọ́tọ̀ ni ẹ máa dà á sí, kó hó lẹ́ẹ̀kan péré.

Ti adìyẹ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróòro nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ara ẹ̀dọ̀ ló lẹ̀ mọ́. Bó bá bẹ́, gbogbo ibi tó kàn ni kí ẹ gé dànù, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́, kò ní gbọ́.

* * *

"Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ọbẹ̀ kí wọ́n má mọ̀." Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù níbí nìyẹn.

Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Ọmọ ọdún kan, ẹ lọ̀ ọ́, torí eyín rẹ̀ kò tíì ká a. Àsáró ni mo fẹ́ràn jù fún un. Ẹ se iṣu rẹ̀ rọ̀ dáadáa pẹ̀lú epo pupa, kó tó kúrò lórí iná ẹ tẹ ẹ̀dọ̀ adìyẹ tó ti jinná mọ́ ọn, ẹ rò ó pọ̀. Kò ní tu ú. Àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ẹ má máa tan án jẹ. Lọ́jọ́ tó bá rí i, gbogbo ọbẹ̀ yín ni yóò máa fi ṣíbí tú wò. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ bu kékeré, kí ẹ̀yin náà jẹ lójú rẹ̀.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ló bá gbogbo ilé mu. A ti ń fi ẹyin sí i, a ń fi ẹja sí i, kí ni ẹ̀dọ̀ ṣe? Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kàn yí i lórí iná kí ẹ tó fi sínú ewé, torí ó ṣì máa jinná sí i nínú mọ́ínmọ́ín. Ìyá ọkọ yín tó ní ọmọdé kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ẹ ó rí i bóun náà á ṣe ní kí wọ́n fún òun ní ẹlẹ́kejì. Ata ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú dùndún ni tàwọn tó ń lọ síléèwé. Tí ẹ bá fi sínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ da ẹ̀dọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀.

Kí wọ́n mu ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń ran irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọ́wọ́ láti wọ ara. Tíì tí àwọn kan ń fún ọmọ mu mọ́ oúnjẹ, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ fi tíì sílẹ̀ títí oúnjẹ á fi dà.

* * *

Ọkàn ni ẹnikẹ́ni kò dárúkọ látàárọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Ọkàn màlúù! Ẹ là á, ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀, ẹ gé ọ̀rá orí rẹ̀ àti okùn líle inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá sè é bí ẹ ṣe ń se ẹran. Kò ní òórùn ẹ̀dọ̀, kì í fọ́ lẹ́nu, ẹran lásán ló jọ. Irin inú rẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọ tó kọ ẹ̀dọ̀ pátápátá, òun ni kí ẹ fún. Gígé wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó parí.

Kíndìnrín ni iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ là á gbọọrọ sí méjì, ẹ ó rí ohun funfun láàárín, ọ̀nà ìtọ̀ ni. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ dànù láìṣẹ́kù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ẹ da omi nù, ẹ tún un rẹ. Ẹni tó bá fo ìyẹn, kó má fi òórùn sùn mí. Bí ẹ kò bá ní sùúrù rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́là onísúyà, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ.

Àti ẹ̀yin tó ń fi kánún sí inú ẹran kó lè tètè rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kánún ń pa fítámínì B tí a tìtorí rẹ̀ ra nǹkan náà. Ẹ fi sùúrù sè é.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti wá kan aláboyún. Ẹnì kan ní ìyá òun máa ń fún òun ní ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́ nínú oyún kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ẹlòmíràn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n ní kóun má fi kan ẹnu. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ara wọn.

Ẹni Lọ́ńdọ̀nù kò parọ́. NHS, ilé iṣẹ́ ìlera àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní kí aláboyún má jẹ ẹ̀dọ̀. Fítámínì A inú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ máa kọjá lójúmọ́ jẹ́ 3,000 máíkírógíráàmù. 100 gíráàmù ẹ̀dọ̀ màlúù tó ti jinná lè lé ní 9,000. Tó bá pọ̀ jù, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Epo pupa náà ní nǹkan tí ara ń sọ di fítámínì A, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ara bá nílò nìkan ló máa yí padà, torí náà epo pupa kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ̀dọ̀ ojoojúmọ́ fún aláboyún, mi ò lọ́wọ́ sí i. Ẹ jẹ ọkàn, kò ní fítámínì A yẹn rárá, kí ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín ní kílíníìkì. Mo mọ̀ pé ó ń mú kí ìgbọnsẹ̀ yín dúdú, ẹ ṣáà lò ó.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí n ní kékeré fọ́mọ. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ kan lọ́sẹ̀ tó ọmọ ọdún méjì. Tó bá jẹ́ ti màlúù, ìwọ̀n páálí ìṣáná kékeré kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìṣáná o, ẹ̀yin ọmọ Ọwá, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ilé lẹ ti ń mú iná roko. Ti adìyẹ ló wù mí jù nínú méjèèjì, torí irin rẹ̀ pọ̀ ju ti màlúù lọ, fítámínì A rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sì fún ọmọ ní oògùn fítámínì A, èyí tí wọ́n ń já sẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, èmi máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ sinmi, kí wọ́n jẹ ọkàn.

Ọmọ tó bá jẹ́ SS, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ tèmi tàbí ti ẹnikẹ́ni níbí. Irin lè ti pọ̀ jù lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn ní: "Ẹ̀dọ̀ ló ń kó gbogbo májèlé ara màlúù jọ, èmi ò lè jẹ ẹ́."

Ẹ̀dọ̀ ń fọ májèlé, kì í ṣe àpótí tó ń tò ó sí. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fọ̀ máa ń gba ibòmíràn jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́: oògùn tí wọ́n gún fún màlúù láìpẹ́ kí wọ́n tó pa á, inú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ti máa ń pẹ́ jù. Kò sí bí ojú ṣe lè rí ìyẹn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ohun tí ojú lè rí ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ tètè jáde. Ẹ̀dọ̀ tó kúrò ní odò ẹran lówùúrọ̀, tó dé Ọjà Atákúnmọ́sà kí oòrùn tó mú, kò jọ èyí tí eṣinṣin ti bá sùn. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n dúdú, tí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á padà sípò. Tí ẹ bá rí ojú funfun-funfun tàbí kókó lára rẹ̀, ẹ kọjá. Kí ẹ sì bẹ alápatà kó là á lójú yín. Ẹ̀dọ̀ tí aràn ti wọ̀, àwọn ọ̀nà òróòro inú rẹ̀ á ti le, á nípọn, ọ̀bẹ á máa dún ṣákaṣàka bó ṣe ń gbà á kọjá, nígbà mìíràn aràn náà gan-an á yọ jáde, pẹlẹbẹ bí ewé. Alápatà tó bá ní òun ò lè là á àfi tí ẹ bá sanwó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

* * *

Ìyá ọmọ, mo ti gbàgbé ọkọ yín. Ìwe ni kí ẹ fi bẹ̀ ẹ́. Àṣà kò bàjẹ́, baálé ilé ṣì ló ń jẹ ìwe adìyẹ, ọmọ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, tó máa ń ta á lóru, ẹ sọ fún un pé kó lọ yẹ uric acid rẹ̀ wò, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fa irú ìrora bẹ́ẹ̀ bó bá pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọkàn wà lára ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń gbà kúrò lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti ń kọ "ha!" sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, mo rí yín.

* * *

Ìbéèrè ẹnì kan tó kù: iná ọba kò sí, báwo lòun ṣe máa ra ẹ̀dọ̀ adìyẹ kan péré lọ́sẹ̀?

Ẹ má rà á ní kílò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà, ẹ lè ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́tọ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé odidi adìyẹ lẹ rà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, ara adìyẹ tó kù lè dúró kí ẹ yan án gbẹ.  Tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì láìsí fíríìjì, ẹ dà á nù.